Oníbàárà Karùn-ún

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀," ni ọ̀gákọ̀ ń wí bó ṣe ń fa àwọn oníbàárà wọnú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi bó ṣe rí i pé ọwọ́ karùn-ún tóun dì mú, ọwọ́ ìyàwó òun ni.

"Kí lò ń wá níbí?"

"Ẹja ni mo wá pa. Mo ti sanwó."

Àbúrò ọ̀gákọ̀, tó ń gé ìjẹ lẹ́yìn ọkọ̀, dorí kodò. Òun ló bá ìyàwó gba ààyè. "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o," ló wí, bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Òkun ni orogún obìnrin yìí. Àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ń kó àwọn tó fẹ́ fi ìwọ̀ mú ekurá, ẹja eléyín bí ayùn nì, lọ sójú agbami, "mò ń bọ̀" àti "ó ti rẹ̀ mí" nìkan ló ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin bímọ sí ìlú kejì, bàbá ò tíì ráyè lọ wo ọmọ-ọmọ. Ìyá ti di ẹrù sínú àpò. Ó fẹ́ máa lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé, kò sì ní in lọ́kàn láti padà. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín: ó sọ ara rẹ̀ di oníbàárà, kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ti di ìlà tín-ín-rín lẹ́yìn wọn, ọ̀gákọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n so bàlúùnù mọ́ okùn ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹja bá gbé ìjẹ. Dókítà eyín kan, tó ti ń yangàn láti èbúté pé òun máa ka eyín ekurá, ti ń bì. Ọ̀gákọ̀ gbá a léjìká mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, dókítà. Ẹ fojú sí ọ̀ọ́kán. Ó máa ń ṣe gbogbo wa bẹ́ẹ̀."

Họ́wù! Ẹnu yìí náà ni? Nígbà tí ibà dá ìyàwó dùbúlẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹnu ọ̀nà ni ọkọ rẹ̀ ti bi í bóyá ó ti lo oògùn. Ó dun obìnrin náà wọra.

"Bàbá ọmọ mi," ló bẹ̀rẹ̀, "mo fẹ́..."

Bàlúùnù tirẹ̀ lọ sábẹ́ omi. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ.

"Yéè! Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi!"

Nínú ọkọ̀ yẹn, ẹni tó bá kọ́ ẹja ló ń fà á, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kan ọ̀pá. Ọ̀gákọ̀ dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó di jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú.

"Mi ò ní gbà á, àmọ́ mo wà lẹ́yìn ẹ. Má bá a jà. Tó bá fẹ́ lọ, jẹ́ kó lọ. Tó bá rẹ ẹja náà, kó o wá fà á. Rọra. Káre."

Obìnrin náà ń fà, ó ń làágùn, ó ń sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ẹja. Nígbà tó yá, ekurá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gùn ju èèyàn lọ. Àbúrò ọ̀gákọ̀ nawọ́ sí ìwọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó kígbe:

"Dókítà, eyín rèé o, ẹ wá kà á!"

Dókítà ò lè gbórí sókè. Wọ́n yọ ìwọ̀, wọ́n jẹ́ kí ẹja máa lọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"O fẹ́ sọ nǹkan kan," ni ọ̀gákọ̀ wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Mi ò sì fẹ́ padà mọ́."

Ọkùnrin náà padà sídìí ọkọ̀, ó ń wakọ̀ lọ sílé.

Ní èbúté, bó ṣe ń fa oníbàárà bọ́ sílẹ̀, ohun tó máa ń bi wọ́n náà ló ń bi wọ́n: "Ìgbà wo la tún máa fojú kan yín?" Nígbà tó kan ìyàwó rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò bi í.

"Mo ti rí àpò yẹn láti ìjẹta," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè."

"Ẹ̀rù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá ekurá ṣeré?"

"Ekurá ò lè kọ̀ mí sílẹ̀." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Sọ fáwọn ti ọ̀la pé ọkọ̀ ò lọ. Mò ń lọ wo ọmọ-ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ délé ná," ni ìyàwó wí.

Nígbà tí wọ́n délé, àpò ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ṣí i, kò kó nǹkan kan jáde. Ó ká ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ méjì, ó tò wọ́n lé aṣọ tirẹ̀ lórí. Àpò kún àkúnya, ọ̀gákọ̀ wá ń bá síìpù rẹ̀ jìjàkadì.

Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ lé e léjìká.

"Ẹ rọra," ló wí. "Ẹ má bá a jà."