Iyọ̀ Abọ́ Ọ̀gá Tokuji

Ó ti ń bu ú. Ọ̀gá ti ń bu omi ọbẹ̀ mi, n kò sì lè sá mọ́... ìlẹ̀kùn wà lẹ́yìn mi, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, àmọ́ Ọ̀gá ti rí mi. Bí mo ṣe ká aṣọ ẹnu ọ̀nà búkà núdù rẹ̀ sókè báyìí ló rí mi. "Mori, ìwọ lo wá sanra tó báyìí? Ṣé bí ẹlẹ́dẹ̀ nìyàwó ẹ ń bọ́ ẹ ni?" Gbogbo káńtà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wo?

Jókòó jẹ́ẹ́, Morihiko. Fi ọwọ́ sábẹ́ káńtà.

Tí mo bá tọ́ ọ wò tí n kò mọ adùn rẹ̀...

Rárá. Má tíì rò ó débẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi mu omi ọbẹ̀ yìí láràárọ̀, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ níbí, ní Hakodate. Kílẹ̀ tó mọ́, Ọ̀gá á na ṣíbí sí mi: "Kí ló kù?" Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Iyọ̀ ni, àbí ewé òkun, àbí egungun adìẹ ni kò tíì hó tó. Tí mo bá ṣì í sọ, ìgbakọ á bà mí lórí. Kò sí ohun tí ahọ́n mi mọ̀ tó omi yìí láyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Tí ahọ́n bá gbàgbé ohun gbogbo, kò lè gbàgbé eléyìí. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn láti Okayama, níbi tí búkà tèmi wà, títí dé inú ihò abẹ́ òkun tí rélùwéè ń gbà kọjá síhìn-ín, tó ń ké, tí etí mi di pinpin.

Ibà kan ló fà á tí ahọ́n mi fi kú. Ọjọ́ mẹ́fà péré, nínú oṣù kìíní. Lọ́jọ́ keje mo dìde, mo gbé omi ọbẹ̀ kaná, mo fi ṣíbí kan ẹnu... omi gbígbóná lásán. Mo ní bóyá mo gbàgbé iyọ̀ ni. Mo fi sí i. Omi gbígbóná. Ó di oṣù mẹ́rin báyìí. Òṣùwọ̀n ni mo fi ń se é, bí apòògùn. Àmọ́ egungun àná kọ́ ni tòní, ewé òkun èṣí kọ́ ni tọdún yìí, òṣùwọ̀n ò sì mọ ìyẹn. Síbẹ̀ àwọn oníbàárà mi ò yéé wá. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Sumie ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Alásè tí kò láhọ́n, kí ló kù lára rẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ó ti gbé e síwájú mi.

Omi rẹ̀ mọ́ gaara bó ṣe máa ń mọ́, èèyàn lè rí ìdí abọ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ méjì. Àlùbọ́sà eléwé. Èéfín ń bọ́ sí mi nímú, imú mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Kò burú. Imú kọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Omi là ń kọ́ mu níbí, kí núdù tó kan ẹnu. Gbé ṣíbí. Gbé e... Ọ̀gá ń wò mí. Ó dúró, ó fi ìgbakọ lé èjìká bí ẹni tó gbé ọkọ́ ti oko dé.

Mo mu ún.

...

Kò sí. Mo tún mu ún. Mo dá a dúró sẹ́nu, mo fi ahọ́n yí i ká — kò sí. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sójú ọ̀nà.

"Báwo ló ṣe rí?" Ọ̀gá ló bi mí. Kí ni mo fi dá a lóhùn? Mo ní, "Bẹ́ ẹ ṣe ń sè é náà ni, Ọ̀gá. Kò yí padà." Ẹnu mi ò tilẹ̀ kólòlò. Ó mi orí, ó padà sídìí ìkòkò. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, mo sì pa irọ́ fún un lórí omi ọbẹ̀ ara rẹ̀.

Mo ń fa núdù. Mo ń fa á tariwo-tariwo, kí wọ́n lè sọ pé mo ń gbádùn. Okùn ni mò ń gbé mì.

Obìnrin tó jókòó tì mí, onígbàjámọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà lódìkejì títì. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, irun oníbàárà lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Fusae ni Ọ̀gá pè é. Tirẹ̀ ni Ọ̀gá ń sè lọ́wọ́. Má wò ó, Morihiko, jẹun rẹ... Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ojú mi sì ti mọ ọwọ́ yẹn láti kékeré. Omi gbígbóná sínú abọ́ kí abọ́ lè móoru. Ó dà á nù. Omi iyọ̀ ló kàn, ìgbakọ kékeré kan láti inú ìkòkò amọ̀. Iyọ̀ nísàlẹ̀, òróró lé e, kí omi ọbẹ̀ tó dé. Ó bu òróró. Ó bu omi ọbẹ̀. Ó da núdù sí i.

Dúró ná.

Iyọ̀ ńkọ́?

Ìgbakọ kékeré yẹn ò kúrò lójú kan. Ó gbẹ táútáú. Ọ̀gá Tokuji, tó lé atukọ̀ kan síta nínú yìnyín torí pé ó béèrè iyọ̀... "Iyọ̀ kì í gbé orí káńtà mi. Ẹni tó bá fẹ́ lá iyọ̀, òkun ń bẹ níta." Òun ló gbàgbé iyọ̀. Àbí ojú mi ló ń ṣe mí?

A jẹ́ pé tèmi náà —

A jẹ́ pé tèmi náà ò níyọ̀ rárá. A jẹ́ pé ahọ́n mi ò kú, òótọ́ ló ń sọ... Inú mi dùn. Ó yẹ kójú tì mí. Ọ̀gá mi ń ṣarán, inú mi ń dùn.

Fusae tọ́ tirẹ̀ wò. Kò bojú jẹ́. "Bàbá, tòní mà tún dáa ju tàná lọ." Bí Bàbá ṣe kọ ẹ̀yìn, ó fa bébà kékeré kan yọ lápá aṣọ, ó wọ́n iyọ̀ sí tirẹ̀, ó tì í sí ọkùnrin tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn náà wọ́n tirẹ̀. Ẹnìkan ò wo ẹnìkan lójú. Fusae wáá gba bébà náà padà, ó gba abẹ́ káńtà nà án sí mi. Ó wo abọ́ mi tó ti dé ìdajì, ó wò mí tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. "Ẹ mà ní sùúrù o, Bọ̀dá. Èmi ò lè jẹ ẹ́ láìníyọ̀ débẹ̀ láé." Sùúrù. Tó bá mọ̀...

Mo wọ́n ọn. Díẹ̀ dà sórí káńtà. Mo pò ó pọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́.

Omi gbígbóná.

Mo da ìyókù inú bébà sí i. Omi gbígbóná. Ọ̀nà ọ̀fun ń ta mí — ọ̀fun mọ iyọ̀, ahọ́n ò mọ̀ ọ́n.

Ó tán. Ó ti tán nìyẹn.

"Mori, o dákẹ́. Àbí kò dùn?" Ọ̀gá tún ti dé. Gbogbo káńtà ò jẹun mọ́. Igi ìjẹun Fusae dúró láàárín abọ́ àti ẹnu. Mo wo ojú Ọ̀gá, kì í ṣe ojú tó fi ń bi mí "Kí ló kù?" láyé ọjọ́sí. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ti fura sí ara rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́, kí n sì sọ ọ́...

"Ó dùn, Ọ̀gá. Ó dùn gan-an."

Ohùn wo nìyẹn? Ohùn mi kọ́. Ó ga, ó yá, ó ti jáde kí ìbéèrè tó tán. Mo mọ ohùn yìí. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ àná, mo gbọ́ ọ níjẹta. Láràárọ̀, mo máa ń na ṣíbí sí Sumie bí ẹni tí kò ka nǹkan sí: wò ó, báwo ló ṣe rí? "Ó dùn, Bàbá Natsu. Ó dùn gan-an." Ohùn yìí gan-an ni. Á wáá ní kí n bá òun gbé àpò ìyẹ̀fun wá láti ẹ̀yìnkùlé. Láràárọ̀. Ìyẹ̀fun tí a kì í tú títí di ọ̀sán... Kí ni Sumie máa ń dúró ṣe nídìí ìkòkò kí n tó gbé e dé? Ó jọ pé òun ló ń tọ́ ọ wò tó ń tún un ṣe, òṣùwọ̀n mi kọ́ làwọn oníbàárà ń tìtorí ẹ̀ wá.

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dìde àìsàn ni Sumie ti mọ̀, ẹ̀rù ló sì ń bà á láti oṣù mẹ́rin yìí, kí n má lọ mọ̀ pé òun mọ̀.