Irinwó Ènìyàn, Ọjọ́ Ìbí Kan Ṣoṣo

Ó lé ní irinwó aláìsàn tí ìwé inú kọ̀mpútà sọ pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ni ìyá wọn bí wọn. Alákòóso iṣẹ́ wo iye náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. Irinwó nínú ẹgbẹ̀rún kan! Ẹ̀rín pa á. Bí nǹkan bá ti rú obìnrin yìí lójú báyìí, inú rẹ̀ a máa dùn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Kílódé.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àsìkò ẹ̀rín. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ètò ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn tí òun àti àwọn mẹ́fà kọ sórí kọ̀mpútà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mọ́kànlá. Ẹyọ kan péré, èyí tó kéré jù lọ, ni wọ́n ti ń dán an wò láti oṣù méjì. Ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sọ̀yà káàkiri pé ọjọ́ Ajé kò ní yẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún Kílódé pé bó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kó yáa wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Kílódé lọ bá Afínjú, ọkùnrin tó kọ ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀," ni Afínjú wí. "Mo ti dán an wò nígbà ogún. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣe ọ̀lẹ."

Òótọ́ ló dán an wò. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló dá àwọn aláìsàn tó fi dán an wò: gbogbo wọn pátá ló mọ ọjọ́ ìbí wọn, kò sì sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kílódé gbé báàgì rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn kékeré náà.

Ó fa àga jókòó sẹ́yìn akọ̀wé, ìyá kan tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì. Bàbá arúgbó kan dé iwájú wọn.

"Bàbá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọmọ mi, mo ṣì kéré nígbà náà. Ta ni kó rántí?"

Akọ̀wé wo ojú bàbá, ó fojú díwọ̀n ọdún rẹ̀, ó tẹ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, ó ní kẹ́ni tó kàn máa bọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi tẹ ìyẹn?"

"Ẹ̀rọ yín ò jẹ́ kéèyàn kọjá. Bí mo bá fi àyè yẹn sílẹ̀, á pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ojú ẹlẹ́kún. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń dúró lẹ́yìn bàbá yìí. Nínú ìwé ńlá wa àtijọ́, 'kò mọ̀' ni mo máa ń kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo sọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá ṣèpàdé, mo béèrè pé ẹni tí ò bá mọ̀ ńkọ́. Obìnrin kan ní àwọn á yẹ ìyẹn wò tó bá yá." Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó jọ yín."

Ojú ti Kílódé. Ó rántí ìbéèrè náà, ó sì rántí pé ọwọ́ òun lòun fi fa igi lé e lórí, nítorí ọ̀sẹ̀ kan ni ì bá gbà láti ṣe é.

Akọ̀wé kò tíì sọ̀rọ̀ tán. "Ìyá àgbà méjì wà ládùúgbò yìí, orúkọ wọn bára mu délẹ̀. Mo rò pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, mo sì fún wọn lọ́dún kan náà. Ẹ̀rọ yín bá sọ wọ́n di ẹnì kan. Abẹ́rẹ́ tí ara ọ̀kan ò gbà rárá, nọ́ọ̀sì ti fẹ́ gún un fún un kí n tó pariwo. Ojú ni mo fi dá a mọ̀."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Lánàá."

Ọkàn Kílódé lọ sí ọjọ́ Ajé. Níbí, ìyá yìí mọ ojú gbogbo ènìyàn. Ní ilé ìwòsàn mọ́kànlá, ta ni yóò pariwo?

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bí orí méje ṣe péjọ tí kò sí èyí tó rò pé ènìyàn lè máà mọ nǹkan. Ìdáhùn náà kò jìnnà. Ní ìpàdé àràárọ̀ wọn, ìdúró ni gbogbo wọn máa ń wà, kálukú á sì dá ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa parí. Bẹ́nì kan bá ní òun kò mọ̀, ọ̀gá àgbà á tẹjú mọ́ ọn títí tó fi máa mú ọjọ́ kan wá láti ibi tó bá ti rí i. Ọjọ́ Ajé gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni Kílódé ṣe rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ro ohun tó rí fún wọn níbi ìpàdé, láti orí ọjọ́ ìbí irinwó ènìyàn títí dórí ìyá méjì àti abẹ́rẹ́.

"Ta ló fa èyí?" ni ọ̀gá àgbà bi í. Afínjú ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Èmi ni, sà. Akọ̀wé béèrè lójú mi, mo sì pa ìbéèrè rẹ̀ rẹ́ kí ọjọ́ wa má bàa yẹ̀. A ò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ wo wá ni?"

"N ò mọ̀, sà."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. Kílódé kò mú ọjọ́ kankan wá. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó, ó sì nu iwájú orí rẹ̀.

"Ó dáa. Kí ni nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ ò mọ̀?"

Afínjú ló kọ́kọ́ nawọ́: òun kò mọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe bí iná bá lọ lójijì. Ẹlòmíràn kò mọ bí wọ́n ṣe máa forúkọ ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta kò mọ ẹni tó lè tún àṣìṣe ṣe bó bá ti wọlé. Kílódé ń kọ ọ́ sára pátákó, kò sì pẹ́ tí àyè fi tán.

Ọ̀gá àgbà kà á láti òkè délẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ṣé gbogbo èyí ti wà lọ́kàn yín látọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Afínjú dáhùn. "Ẹ ò bi wá rí ni."