Bọ́ọ̀sì Tó Ń Lọ sí Ọsibítù ní Brescia

3.
…tí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kí n wá ẹni tójú rẹ̀ tutù, kí n bi í pé: *Scusi, dov'è la fermata dell'autobus?* Ibo ni ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì wà? Èmi Látífàt, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, nínú kíṣìnnì mi ní Peckham, ní London. Ìkòkò ni mo ń bi léèrè.

4.
OHUN TÍ MO LÈ BÉÈRÈ:
ibùdókọ̀
tíkẹ́ẹ̀tì
ṣé èyí ló ń lọ sí ọsibítù?

OHUN TÍ MO LÈ GBỌ́ BÍ WỌ́N BÁ DÁHÙN:

(òfìfo)

5.
HAMEEDAH (WhatsApp, láti Brescia, ní Italy): Àǹtí mi, kíndìnrín mi ò gbọ́ oògùn mọ́. Ẹ tètè máa bọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí.

Àbúrò mi ni. Ọmú kan náà la jọ mu.

6.
*Pásípọ́ọ̀tù yín wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú títí ẹ ó fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa.*

Àwọn tó ń ṣe físà Italy ló kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fi pásípọ́ọ̀tù náà ránṣẹ́. Oṣù kẹrin rèé. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Inú ń bí mi gan-an ni.

7.
Kánsọ́lá ọmọ mi, tó kọ́ Italian ní school, ló gba ìdánrawò wa sórí fóònù:

KÁNSỌ́LÁ: Oya Mummy, èmi ni Italian. Ask me.
ÈMI: *Buongiorno, signora. Come sta? E la famiglia? I bambini?* (Mo kí i, mo béèrè ará ilé, mo béèrè ọmọ.)
KÁNSỌ́LÁ: Mummy! Bus ti lọ!
ÈMI: Mi ò tíì kí wọn tán.
KÁNSỌ́LÁ: Nobody does that. Ẹ kàn béèrè, man.
ÈMI: Kí n tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí n má kí i? Ta ló kọ́ ẹ nílé?

8.
Mo há sí Peckham.

9.
YAQUB, ọkọ Hameedah (Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀): Innā lillāhi. Àǹtí, Hameedah ti lọ. Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, la ó kírun sí i lára. Ẹ jọ̀wọ́, a ò lè dúró dè yín.

10.
Jímọ̀. Bọ́ọ̀sì 78 kọjá lábẹ́ fèrèsé mi, ó ń lọ sí Nunhead. Mo sunkún.

11.
ÈMI: Kánsọ́lá, wá.
KÁNSỌ́LÁ: Mummy, passport ò tíì dé o.
ÈMI: Mo mọ̀. Kí ni wọ́n ń pe itẹ́ òkú?
KÁNSỌ́LÁ: Mummy…
ÈMI: Lédè wọn. Kí ni wọ́n ń pè é?
KÁNSỌ́LÁ: Wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn ní school.