Wọ́n Pín Ojú Afẹ́fẹ́ Wa Níbi Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Sí

Délé, àlá kan dà mí láàmú lóru àná. Ìpàdé àgbáyé ni, wọ́n ń pín ojú afẹ́fẹ́ tí rédíò àti fóònù ń gbà. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kó èèyàn rẹpẹtẹ wá. Èmi nìkan ló wà fún tiwa. Alága ti hewú, ni mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ní kí n dìde. Alága béèrè pé, “Ta ni ò fẹ́ ká pín tiwọn?” Mo fẹ́ nawọ́, ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pín in, wọ́n paná, wọ́n lọ.

Nígbà tí mo jí ní òtẹ́ẹ̀lì níbí, mo ṣì dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Àárọ̀ yìí ni ìpàdé gan-an. Jọ̀ọ́, ìwọ ṣáà ní kí n dìde.