Ìlà Tó Ń Lọ Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́

"Ẹ fà á sínú, mà. Ẹ rọra tú u síta. Ẹ máa wo ìlà yẹn."

Láwùmí ń wò ó. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta so ìka rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì Dókítà Ọpẹ́mipọ̀ ní Bódìjà, ìlà pupa kan sì ń fò sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà náà bí ọkàn obìnrin náà ṣe ń lù. Dókítà ò fún un lóògùn kankan. Ohun tó ń kọ́ ọ ni bí èèyàn ṣe lè fojú ara rẹ̀ rí ìpayà tó wà lára rẹ̀, kó sì máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó máa fi rọlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀fọ́rí Láwùmí ti lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ti ń rí oorun sùn.

Ìyáàfin Ògúnjìmí, tó ni ilé ẹ̀kọ́ tí Láwùmí ti ń ṣe tíṣà ní Akóbọ̀, ló rán an wá. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ọdún méje kan, Tómilọ́lá, já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn tí kò nírin ìdìmú. Ẹ̀yìn ọmọ náà ṣẹ́, kò tíì rìn dòní. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà máa jókòó lọ́jọ́bọ̀, Ìyáàfin àti lọ́yà rẹ̀ sì ti kọ́ Láwùmí lóhun tó máa wí: ọmọ náà ń ṣeré, òun kìlọ̀ fún un, kò gbọ́.

Irọ́ ni. Aago ló lù, Láwùmí gan-an ló sì pariwo mọ́ ọmọ náà pé kó sáré.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú àtisọ ọ́ níwájú lọ́yà, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. "Láwùmí, lọ tọ́jú ara ẹ o," ni Ìyáàfin wí. "Tó o bá ń gbọ̀n báyìí níwájú wọn, gbogbo wa la máa wọ gàù."

"Ó yá, mà," ni Dókítà wí. "Ẹ ronú kan ohun tó máa ń já yín láyà jù lọ. Kẹ́ ẹ sì máa mí lọ."

Láwùmí dijú. Ó ka ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó lajú, ìlà náà ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Dókítà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n! Kí lẹ rò ná?"

"Irọ́ kan tí mo fẹ́ pa."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ara Láwùmí nìkan ló ti ń bá a jà látọjọ́ yìí pé ohun tó fẹ́ ṣe ò dáa, òun náà ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́.

Ó tú okùn náà kúrò níka, ó wọ takisí lọ sí Òkè-Àdó.

Ọdúnayọ̀, ìyá Tómilọ́lá, ló ṣílẹ̀kùn. Kò kí i, kò sì ní kó wọlé.

"Oṣù mẹ́ta, Àǹtí. Ẹ ò yà wò ó rí."

"Mo mọ̀."

"Ṣé àwọn ló rán yín ni?"

"Rárá. Àtẹ̀gùn yẹn ò nírin. Èmi ni mo sì ní kó sáré. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn."

Ohùn ọmọdé kan dún láti inú yàrá: "Mọ́mì, ta ni?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. Àmọ́ kò tilẹ̀kùn.