Àmì Pupa Lórí Òkè Ìsádi

Bí ẹ bá gbọ́ pé èmi Àbẹ̀ḿbí dákẹ́, ẹ wá mi lọ sí ọsibítù Jẹ́ríkò. Orin kì í wọ́n lẹ́nu mi. Orin náà ló sì fẹ́ẹ́ kó bá mi lọ́dún 1964, nínú ilé mi ní Agbowó.

Olúsọjí ni orúkọ ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú. Yunifásítì tó wà ní òdì-kejì títì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yé mi. Á gun òkè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, á kó ewé bọ̀. Kì í ṣe ewé ọbẹ̀, kì í ṣe ewé àgbo. Irú èyí tí ń hù lára ọ̀pẹ ni, tí kì í tanná, tí kì í so, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ku eruku bí áásà. Á tẹ́ wọn sáàárín ìwé ìròyìn, á gbé òkúta lé e. Ó wá fi máàpù kọ́ ara ògiri, ó fi tàdáwà pupa tọ́ àmì sórí gbogbo òkè tó dé.

"Máàpù yẹn ni kí o máa ṣọ́," ni Mùsílímátù aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi ní ilé kejì, wí. "Ta ní ń gba owó oṣù torí ewé? Àwọn tó wá wọn oko àna rẹ ní Bódìjà, ṣé wọn ò rẹ́rìn-ín sí yín ni? Níbo ni oko náà wà lónìí?"

"Ilé àwọn ọ̀gá ló wà lórí ẹ̀."

"Ẹn-hẹ́n!"

Láti ọjọ́ náà, bí Olúsọjí bá kí mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. N kì í jẹ́ kó gbé eruku ewé rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fọṣọ níwájú ilé, mo gbé orin ìlú wa sẹ́nu:

*Ewé orí àpáta, kò tanná, kò so,*
*Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́nu ihò,*
*Ogun ń bọ̀, ẹ bá mi ká lọ.*

Fèrèsé Olúsọjí ṣí gbàà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ! Ihò wo nìyẹn?"

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Orí Òkè Ìsádi ni ihò náà wà, lọ́nà Ṣakí. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun, a kì í sì í fi han àlejò. Àbúrò mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló ń dáko nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo wá kọ ọ́ lórin fún onímáàpù!

"Orin ọmọdé ni. Kò sí ihò kankan."

"Ìyá, irú ewé yẹn ti wà láyé kí òdòdó kankan tó wà. Mo rí i lórí àwọn òkè Kamẹrúùnù, níbi tó tutù. Ní gbogbo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín, n kò rí ẹyọ kan. Bó bá wà lókè yín, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé eruku rẹ̀, tí í ṣe irúgbìn rẹ̀, rìn tó bẹ́ẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ ni, àbí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ kẹ̀? Èmi tí mò ń háyà yàrá lọ́wọ́ yín?"

Ẹ̀rín pa mí, kí n má purọ́. Síbẹ̀ mo mú ọṣẹ mi nílẹ̀, mo ń fọṣọ mi lọ.

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ewé náà kò fi mí sílẹ̀; èmi nìkan gun òkè. Mo já ewé náà kan, mo fi ìborùn wé e, mo gbé e wá fún Olúsọjí. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Òun gan-an ni! Òkè wo, Ìyá?"

"Gbà á bẹ́ẹ̀."

"Ewé tí kò nílé, ìwé ò gbà á. Ẹ fi òkè hàn mí, ẹ fi ihò pa mọ́."

Bí n kò bá fi hàn án, mo gun òkè lásán. Bí mo bá fi hàn án, Bódìjà nìyẹn. Mo ní kó tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Ó na gègé sí mi, ó ní kí n tọ́ ọ bíńtín. Mo kọ̀. Mo ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, bí a ti ń ṣe nígbà ìdìbò, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀nà Ṣakí gbàǹgbà. Ó bo Òkè Ìsádi, ó bo òkè mẹ́fà mìíràn, ó bo ìlú wa toko-toko.

"Ó wà níbẹ̀ yẹn."

Olúsọjí wò ó títí. "Ìyá, tiyín tóbi ju gbogbo tèmi lọ!"

"Ìwọ lo ní òkè ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ mi sábẹ́ ewé náà. Mo fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi dá mi lójú pé orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀.