Ìdáhùn sí Ìbéèrè Keje

Ìdáhùn tí obìnrin aránṣọ kan kọ láti fi gbè lẹ́yìn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi lé ọmọ náà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó di fada.

Ìjọ ló fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí aránṣọ. Kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí, wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í mutí para? Ṣé kì í purọ́? Ìbéèrè keje wá ni pé, ṣé ó lè wà láìní aya títí dọjọ́ ikú?

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Èyí ló rọrùn jù. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, àbúrò rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin ni ọkàn mi máa ń fà sí. Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí, mi ò sì ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

Aránṣọ rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nítorí náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà pé: "Obìnrin ò lè dà á láàmú láéláé. Ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, kò sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà fi ránṣẹ́ pè é. Fada àgbà ni, fọ́ọ̀mù náà sì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ó jẹ mọ́ bí ọkàn ẹ̀dá ṣe ń dàgbà, ó jẹ mọ́ ìwà pípé, ó jẹ mọ́..."

"Fada, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé aránṣọ."

"A ò lè gbà á."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀jẹ́ tí ẹ fẹ́ kó jẹ́, kí ló ní kó má ṣe?"

"Kó má bá ẹnikẹ́ni sùn."

"Ṣé ó ti bá ẹnì kan sùn?"

"Rárá o, Màmá."

Aránṣọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹni tí obìnrin ń wù, tó kó ara rẹ̀ níjàánu, akọni lẹ̀ ń pè é. Tèmi náà kó ara rẹ̀ níjàánu, ẹ ní kó máa lọ sílé. Fada, téèpù kan ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù mi. Olówó ni o, tálákà ni o, òun ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹ̀yin, mélòó lẹ ní?"

"Òfin ìjọ ni, Màmá. Kì í ṣe èmi."

"Òfin kọ́ ló jókòó sórí àga yẹn."

Fada bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ká ní ẹ ò tiẹ̀ kọ ọ́ ni..."

"Ẹ̀yin lẹ bi mí!"

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

"Ẹ jẹ́ kí àdúrà sinmi ná," ni aránṣọ wí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ dé.

"Mo rò pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bú mi nígbà náà! Ọdún mẹ́sàn-án tí o fi kẹ́kọ̀ọ́ rèé! Sọ nǹkan!"

"Mi ò bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò bú u. Ó ríṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Gbogbo ọ̀sán Sunday ló ń wá, á jẹun, á fọ abọ́, á béèrè bí ọjà ṣe rí. Lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Aránṣọ bi í pé ta ló ṣe é ní nǹkan. Ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Aránṣọ mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì mọ bó ṣe fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti di ọdún kẹta báyìí, àbúrò rẹ̀ kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un mọ́.